Wọ́n Kọ Físà fún Yín: Ibi Tí Agbára Ilé-Ẹjọ́ Mọ

 

Ọ̀rọ̀ físà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ni. Àgbègbè Ọ̀tà wa yìí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọmọ tó jáde ní Covenant tàbí ní Bells fẹ́ lọ gba oyè kejì ní Ìlú Ọba tàbí ní Kánádà. Ẹni tó ń wa fọ́kílíìfù níléeṣẹ́ fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ tó bímọ sí Manchester. Owó ìwé ti lọ, wọ́n ti tẹ̀ka, wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti gbààwẹ̀ sí i. Lẹ́tà wá dé, rárá ló wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé ènìyàn lè gbé ìjọba wọn lọ sílé-ẹjọ́ lórí físà?

Ó ṣeé ṣe ní ilẹ̀ kan, kò ṣeé ṣe ní òmíràn. Níbi tó ti ṣeé ṣe pàápàá, ohun tí ilé-ẹjọ́ ń ṣe kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò. Ilé-ẹjọ́ kì í fúnni ní físà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú, nítorí ajẹ́ńtì tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa fi ẹjọ́ gba físà fún yín kò ní sọ ọ́ létí yín.

Kí wá ni iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ níbẹ̀? Ká ní olórí ẹbí kan níbí pín ilẹ̀ ìdílé, ó yọ ọmọ kan sílẹ̀, kò pè é sípàdé, kò bi í ní nǹkan kan. Ọmọ náà gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú lọ. Àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní mú okùn kó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ fún ọmọ yẹn. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ìpín yìí kò tọ́. Ẹ tú u ká, ẹ pe gbogbo ọmọ jọ, ẹ tún un pín." Bí wọ́n bá tún un pín tán, ibi kékeré náà tún lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in ni àwọn àgbà dá lẹ́jọ́. Wọn kò gba iṣẹ́ olórí ẹbí ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni adájọ́ tó ń yẹ ìpinnu ìjọba wò. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yàtọ̀ sí i. Nínú ìyẹn, adájọ́ lè gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò láti ìpìlẹ̀, kó sọ ẹni tó jàre. Nínú àyẹ̀wò tí à ń sọ yìí, bí ẹ bá jàre, ìwé yín yóò padà sórí tábìlì òṣìṣẹ́ físà, òṣìṣẹ́ mìíràn ló sì sábà máa ń gbé e yẹ̀ wò. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì tún lè sọ pé rárá, tó bá ti ṣe é lọ́nà tó tọ́.

Lọ́dún 1984, adájọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Diplock, to ohun tí ilé-ẹjọ́ máa ń wò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé òfin fún òṣìṣẹ́ ìjọba náà lágbára láti ṣe ohun tó ṣe? Ṣé ìpinnu rẹ̀ bá làákàyè mu rárá? Ṣé ó gba ọ̀nà tó tọ́, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn tó gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀? Ìkẹta yìí, àwọn baba wa ti parí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tipẹ́: a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹjọ́ kan wà tó fi ìkẹta yẹn hàn kedere. Ọmọ Íńdíà kan ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà rẹ̀ fẹ́ tán, ó kọ̀wé pé kí wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Ìwé iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ pé, àṣẹ tí iléeṣẹ́ náà fi ń gba àjèjì síṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, ọdún 2016, Home Office, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ físà, gba àṣẹ yẹn padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ iléeṣẹ́ ni. Ọwọ́ ọkùnrin yìí kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó rò pé gbogbo nǹkan wà létò. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́ta géérégé lẹ́yìn náà, wọ́n kọ físà fún un, wọ́n ní iléeṣẹ́ rẹ̀ kò ní àṣẹ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ọ́ fún un ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn adájọ́ sọ pé ohun tí ìjọba ṣe kò tọ́. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pa á mọ́ra jẹ́ oṣù mẹ́ta tí ọkùnrin yìí ì bá fi wá iṣẹ́ mìíràn, tàbí kó yí ìwé rẹ̀ padà, tàbí kó di ẹrù rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yẹ kí wọ́n tètè sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára wọn mọ: púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ náà kò gbà pé ìjọba tún jẹ ẹ́ ní gbèsè àfikún ọjọ́ láti fi wá iṣẹ́. Kí wọ́n tètè sọ fún un, ìyẹn ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo dúró lórí ẹjọ́ yìí nítorí àwọn ọmọ wa tó lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lọ́hùn-ún. Iléeṣẹ́ tó gba ọ̀pọ̀ nínú wọn síṣẹ́ ti pàdánù àṣẹ rẹ̀, nígbà míì tí ọmọ náà kò tíì gba owó-oṣù kan tó nítumọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè: ìgbà wo ni Home Office sọ fún ọ? Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì.

Ẹjọ́ mìíràn kò tilẹ̀ dé iwájú adájọ́ kó tó yanjú. Láti ọdún 2015, Home Office ti ń fi kọ̀ǹpútà ya ìwé físà sọ́tọ̀: pupa fún ẹni tí wọ́n fura sí, òféfèé fún àárín, àwọ̀ ewé fún ẹni tí ọ̀nà là fún. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń wò. Orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n fura sí kò hàn sí aráyé. Àwọn ẹgbẹ́ méjì, JCWI àti Foxglove, pè wọ́n lẹ́jọ́ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, kí adájọ́ tó jókòó, ìjọba fúnra rẹ̀ ní òun ti pa á tì. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin wọn kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ Áfíríkà ti tẹ ìwé jáde pé ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń kọ físà fún ará Áfíríkà ju fún àwọn ará ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin náà ẹ so ó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀nà ẹjọ́ náà ṣe rí ní Ìlú Ọba gan-an. Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ẹbí rẹ̀ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 2013, wọ́n wọ́gi lé e. Òfin ọdún 2014 tún gé ẹ̀tọ́ náà kúrú sí i. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ará ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, bíi ti tọkọtaya tàbí òbí àti ọmọ tí ìpinnu yẹn yà nípá, àti ti ẹni tó sá àsálà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ físà fún láti òkèèrè ní ọjọ́ 28 láti bèèrè pé kí òṣìṣẹ́ mìíràn nínú Home Office yẹ ìwé náà wò. 80 pọ́ùn ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí kó má ṣe kánjú lọ bá adájọ́, torí adájọ́ á ní kó padà lọ ṣe é.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ lọ ṣe àbẹ̀wò, kò sí ìgbésẹ̀ ìyẹn. Ọ̀nà méjì ló kù fún un: kó tún ìwé kọ, tàbí kó wá àyẹ̀wò ilé-ẹjọ́. Bí ó bá yan èkejì, agbẹjọ́rò rẹ̀ á kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí Home Office, tó ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti ṣẹ òfin. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn láti fèsì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, torí agbẹjọ́rò ìjọba náà mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ìjọba kò bá ranlẹ̀. Bí kò bá parí, ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wọlé kíákíá, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ ìpinnu. Ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Upper Tribunal ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú ẹjọ́ yìí ń lọ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Adájọ́ á kọ́kọ́ wo ìwé nìkan, á pinnu bóyá ẹjọ́ náà yẹ ní gbígbọ́. Ẹni tó bá sì jẹ̀bi lè san owó agbẹjọ́rò ẹni tó jàre. Owó náà kì í ṣe kékeré, pọ́ùn sì ni, kì í ṣe náírà. Èrò tèmi ni pé fún ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ kí ọmọ, àtúnkọ ìwé tó dára ju ẹjọ́ lọ. Ẹjọ́ wà fún ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́, tí àṣìṣe òṣìṣẹ́ físà sì hàn gbangba.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìwé mọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará iléeṣẹ́ Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ wo òṣìṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ kọ́ńtíráàtì. Inú iléeṣẹ́ ńlá ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó ń kó òṣìṣẹ́ wá ló ń sanwó fún un. Kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá yẹn. Nígbà míì owó rẹ̀ ń wọ àkáǹtì, nígbà míì ó ń gbà á sọ́wọ́. Ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ, ó tún wà nínú kọ́píratíìfù. Lóṣù Kejìlá ó kó àjọ, ó gba owó kọ́píratíìfù, ó kó gbogbo rẹ̀ sí báǹkì, ó wá kọ̀wé físà lóṣù Kìíní. Òṣìṣẹ́ físà ṣí sítétímẹ́ǹtì báǹkì rẹ̀. Láti oṣù kìíní dé ìkọkànlá, owó inú àkáǹtì náà kò tó nǹkan. Lójijì, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà já bọ́ sínú rẹ̀. Lójú òṣìṣẹ́ físà tó jókòó sí Sheffield ní Ìlú Ọba, owó tí wọ́n yá láti fi ṣe àfihàn ni. Lójú wa níbí, iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni.

Ta ló jàre? Ó kù sọ́wọ́ ohun tó wà nínú fáìlì lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ náà ṣèpinnu. Bí ọkùnrin yìí kò bá fi nǹkan kan ṣàlàyé owó náà, ilé-ẹjọ́ kò ní lè gbà á sílẹ̀, torí ohun tí òṣìṣẹ́ rí ni adájọ́ máa wò. Kò sí pé ẹ ń mú káàdì àjọ wá sí kóòtù lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ẹ̀dà káàdì àjọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kọ́píratíìfù tó ní òǹtẹ̀, àti lẹ́tà kan tó sọ pé owó báyìí wá láti ibí, owó báyìí láti ọ̀hún, tí òṣìṣẹ́ físà sì tún kọ ọ́ pé kò sí àlàyé kankan nípa orísun owó, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ náà kò ka ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹjọ́ dé.

Kánádà ló ti sọ ọ̀rọ̀ yìí yanjú jù lójú tèmi. Lọ́dún 1998, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé bí ẹ̀rí kan bá ṣe ṣe pàtàkì tó, tí òṣìṣẹ́ kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá nínú ìpinnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ á ṣe máa fura pé kò tilẹ̀ wò ó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọn, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Vavilov, là á kalẹ̀ pé ìpinnu ìjọba gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣeé tọpasẹ̀: kí ẹni tí wọ́n kọ̀ lè kà á, kó rí bí wọ́n ṣe ti ibi ẹ̀rí dé ibi rárá. Ìdí náà lè kúrú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí òṣìṣẹ́ bá sì ń rò pé irọ́ wà nínú ìwé yín, ó yẹ kó bi yín léèrè kó tó dá yín lẹ́bi. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rí tẹ́ ẹ kó wá ni kò tó, kò jẹ yín ní ìbéèrè kankan. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 60 láti ọjọ́ tó gba lẹ́tà láti gbé e lọ síwájú ilé-ẹjọ́ náà, dọ́là Kánádà 50 sì ni owó ìwé ìpẹ̀jọ́. Owó agbẹjọ́rò ni kí ẹ múra sílẹ̀ dè.

Ti Yúróòpù, kíákíá: òfin físà Schengen ti ọdún 2009 fún ẹni tí wọ́n kọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ ní orílẹ̀-èdè tó kọ̀ ọ́. Nantes ni ti ilẹ̀ Faransé ń lọ. Ní Jámánì, ẹ lè kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ẹ́ḿbásì wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n tún un wò. Láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2025, wọ́n ti mú ìyẹn kúrò, ilé-ẹjọ́ ní Berlin ló kù.

Amẹ́ríkà ni ilẹ̀kùn tó tì jù. Òfin wọn gbà pé gbogbo ẹni tó ń bèèrè físà àbẹ̀wò fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀ ni, títí yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí òṣìṣẹ́ físà wọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní Victoria Island l'Ékòó bá sọ pé rárá, ó parí. Adájọ́ kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Lọ́dún 1972, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà gbèjà Ernest Mandel, ònkọ̀wé ará Belgium tí ìjọba kò jẹ́ kó wọlé wá sọ̀rọ̀ ní yunifásítì. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní bí ìjọba bá ti lè sọ ìdí kan tó dà bí òótọ́ lójú, àwọn kò ní wá ìdí rẹ̀ wò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n kọ físà fún ọkọ rẹ̀ lọ síwájú ilé-ẹjọ́ kan náà. Wọ́n ní jíjẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti fa ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta tiwa, sọ fún àwọn oníròyìn l'Ékòó pé wọ́n ti fagi lé físà Amẹ́ríkà òun. Ẹ̀bùn Nobel kò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ má wá jẹ́ kí ajẹ́ńtì kankan gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín fún ẹjọ́ físà Amẹ́ríkà.

Ẹ ti ń gbọ́ ti ìjọba òkèèrè. Ìjọba tiwa náà ń fúnni ní físà, ó sì ń kọ̀ ọ́. Àwọn ará Íńdíà, Ṣáínà àti Lẹ́bánónì tó ń bójú tó ẹ̀rọ níléeṣẹ́ wa wọ̀nyí, físà Nàìjíríà ni wọ́n bá wọlé, ìwé àṣẹ ìgbélùú tí à ń pè ní CERPAC ni wọ́n sì fi ń gbé. Apá 251 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 gbé ọ̀rọ̀ físà àti pásípọ́ọ̀tù fún Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Oṣù mẹ́ta náà ni òfin ilé-ẹjọ́ yẹn fún ẹni tó fẹ́ àyẹ̀wò, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́. Ẹni tó wà ní Ọ̀tà lè gba Abẹ́òkúta lọ.

Ilé-ẹjọ́ wa sì ti fi hàn pé òun lè wí fún ìjọba. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kìíní, ọdún 1980, wọ́n mú Shugaba Darman, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno, wọ́n wà á lọ sí Chad, wọ́n ní àjèjì ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú GNPP ló wà. NPN ló ń ṣèjọba lápapọ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Maiduguri ní ọmọ Nàìjíríà ni, wọ́n sì ní kí ìjọba san 350,000 náírà fún un. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín owó náà kù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà. Lóṣù Kẹrin ọdún 1992, àwọn SSS, ìyẹn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, gba pásípọ́ọ̀tù Olisa Agbakoba, agbẹjọ́rò tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà bó ṣe ń lọ sípàdé ní The Hague. Ọdún méje ni ẹjọ́ náà gbà. Lọ́dún 1999, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àwọn SSS kò ní àṣẹ láti gbà á. Nínú ẹjọ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Diplock tò sílẹ̀ ló gbawájú: ta ló fún yín lágbára?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò lè fò. Ayédèrú ìwé. Bí òṣìṣẹ́ físà bá rí sítétímẹ́ǹtì báǹkì tí wọ́n tẹ̀ ní kọ̀rọ̀ Sango, àyẹ̀wò ilé-ẹjọ́ kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìlú Ọba lè ti ilẹ̀kùn fún ọdún mẹ́wàá, Kánádà fún ọdún márùn-ún, Amẹ́ríkà lè tì í títí ayé. Ẹni tí ajẹ́ńtì rẹ̀ ṣe é láìsọ fún un náà máa ń jìyà rẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ló wà níbi tó ti bu ọwọ́ lùwé. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ yín, ẹ kà á kó tó lọ. Bí lẹ́tà rárá bá sì dé, ẹ kọ ọjọ́ tó dé sí orí rẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀nà Ìdìróòkó la máa gbà: àdéhùn ECOWAS ọdún 1979, ọjọ́ 90 tí ènìyàn lè lò ní Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, àti ìdí tí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ yín ní bọ́dà bẹ́ẹ̀ náà.